Sáfà Tó Lè Dá Dúró

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí àwọn tó ṣe ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí sáfà ilé-iṣẹ́ kan jáwọ́ nínú àtúnṣe rẹ̀ pátápátá. Lẹ́ńsì awò ojú ni ilé-iṣẹ́ náà ń lọ. Ilé ìtọ́jú ojú mẹ́tàdínlógún ló ń fi nọ́ńbà ojú àwọn oníbàárà wọn ránṣẹ́ sí ojú-òpó rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú sáfà ni ojú-òpó náà ń gbé, kọ̀ǹpútà kan tí kò ga ju àpótí ìjókòó lọ, nínú yàrá tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Bí sáfà bá kú, nọ́ńbà ò ní wọlé. Bí nọ́ńbà ò bá wọlé, ẹ̀rọ ìlọlẹ́ńsì mẹ́rin yóò dúró bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Àbúrò ọ̀gá ló ń tọ́jú sáfà, gbogbo ilé-iṣẹ́ sì ń pè é ní Ẹnjiníà. Ọ̀gá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pè é, níbi iṣẹ́ àti nílé.

Ọdún kejì rèé tí iṣẹ́ ti gbé ìyàwó Ẹnjiníà lọ sí ìlú mìíràn, òun àti ọmọbìnrin wọn. Ìyàwó yìí ti bá ọkọ rẹ̀ wá iṣẹ́ síbẹ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n sì ní kó wọlé kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tó gbọ́, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan dè é: Ẹnjiníà gbọ́dọ̀ yan ètò ìpìlẹ̀ tuntun, kó gbé sáfà ka orí rẹ̀, kí sáfà náà sì lè dá dúró láìsí i. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní lọ síbì kankan.

"Ojú ìwé kan ni mo ní kó o mú wá," Ẹ̀gbọ́n wí, nígbà tí Ẹnjiníà wọ ọ́fíìsì rẹ̀ láti jíṣẹ́ ohun tó rí. "Mọ́kànlá lo gbé wá. Ta ló fẹ́ kà á?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ náà ló gùn."

"Ọ̀rọ̀ tó gùn, ẹnu la fi ń gé e. Ó yá, gé e."

Ó gé e. Ètò mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Èkíní ni Wíńdóòsì ti sáfà, tí Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ní kó yẹ̀ wò, nítorí pé ojú gbogbo èèyàn mọ́ ọn, àwòrán ni wọ́n sì ń tẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn yóò ra ìwé àṣẹ rẹ̀, orí Línúsì ni wọ́n sì ti kọ ojú-òpó wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Línúsì ni orúkọ àwọn méjì tó kù: ọ̀fẹ́ ni, oríṣiríṣi ni. Oríṣi kan wà tó ń yára: oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni tuntun ń jáde, wọn kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó pa ti tẹ́lẹ̀ tì. Oríṣi kejì ń lọ́ra: bó bá ti jókòó, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi wà bẹ́ẹ̀, ihò tí olè lè gbà wọlé nìkan ni wọn yóò máa bá a dí.

"Èwo lo mú nínú wọn?"

"Línúsì tó ń yára. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tuntun ti ń kọ́kọ́ dé."

"Lẹ́ńsì la ń lọ níbí. Kí ló tuntun lára lẹ́ńsì?"

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò bá a rín in.

"Bó o bá lọ tán, ta ni yóò máa bójú tó o?"

"Èmi náà ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo lè wọ inú rẹ̀ láti ibikíbi, lórí fóònù mi."

"A jẹ́ pé o ò tíì lọ. Àga rẹ lo kàn gbé kúrò."

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó pe Màmá Máfojúfò. Màmá yìí ló ń yẹ nọ́ńbà wò bó bá ṣe ń wọlé. Ó ní rúlà kan tó máa ń fi sábẹ́ ìlà tó bá ń kà lọ́wọ́, kì í sì í sún un títí yóò fi ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé bí àmì àròpọ̀ bá bọ́ sí ipò àmì àyọkúrò, ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán kò ní rí iwájú ara rẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kò fọwọ́ kan sáfà rí.

"Màmá, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa ṣe," Ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹ̀rọ kan wà nínú yàrá sáfà, òfìfo ni. Ẹnjiníà yóò kọ bí wọ́n ṣe ń gbé ètò ìpìlẹ̀ kà á, títí ojú-òpó wa yóò fi jí lórí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é. Òun á jókòó sí yàrá ìlọlẹ́ńsì, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa dán wò."

"Bí mo bá bà á jẹ́ ńkọ́?"

"Òfìfo ni. Kí lẹ fẹ́ bà jẹ́ níbẹ̀?"

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ kó hàn o. Mi ò ní máa méfò."

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dán Wíńdóòsì wò. Gbogbo ìwé Ẹnjiníà kò ju "tẹ ibí, tẹ ọ̀hún" lọ. Màmá tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, títí ó fi dé ibi tí ìwé ti ní kó tẹ èyí tó wà lápá ọ̀tún. Nǹkan méjì ló wà lápá ọ̀tún. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó pa dà sídìí tábìlì rẹ̀, ó bá iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá kí Ẹnjiníà tó mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan nínú yàrá sáfà. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Wíńdóòsì. Ẹni tó kọ̀wé ló ni ín.

Ọjọ́rú ló kan Línúsì tó ń yára. Ìlà mẹ́sàn-án péré ni ìwé tọ̀tẹ̀ yìí. Ìlà karùn-ún ní: "Ṣe àwọn àtúntò tó yẹ." Màmá dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìlọlẹ́ńsì, ó na ìwé sí i.

"Ẹnjiníà, èwo ló yẹ?"

Ó la ẹnu, ó rántí òfin, ó pa á dé.

"O kọ̀wé bí ìyá àgbà tó ń júwe ọbẹ̀. Fi iyọ̀ tó tó sí i. Èló ló tó?"

Ọ̀kan nínú àwọn alọlẹ́ńsì rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nu.

Ẹnjiníà lọ bá Ẹ̀gbọ́n. Inú ń bí i. "Màmá ò kọ́ṣẹ́ yìí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wá ẹni tó kọ́ ọ."

"Màmá mọ̀wé kà. Ohun tó o kọ ló kà. Èyí tó kù sínú orí rẹ, ta ló fẹ́ bá ọ kà á?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ pè é. Ó dúró sídìí àtẹ̀gùn láti gbọ́ ọ.

"Àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ tún ti bi mí léèrè. Ṣé kí n sọ fún wọn pé ò ń bọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n ni ò jẹ́ kí n lọ."

"Ẹ̀gbọ́n tó ti fọwọ́ sí i?"

"Ìdánwò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ló le jù."

"Bàbá ọmọ mi, má bínú sí mi o. Ṣé ó wù ọ́ kí wọ́n lè ṣe é láìsí ẹ?"

Ẹnjiníà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, òun á pè é pa dà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa.

Ó wọ inú sáfà àtijọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń fi ohun tó bá níbẹ̀ wé ìwé ìlà mẹ́sàn-án rẹ̀. Ohun mẹ́tàlélógójì ló rí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ yí pa dà láàárín ọdún mẹ́fà. Bí nọ́ńbà ilé ìtọ́jú kan ò bá wọlé, yóò sáré wọ yàrá sáfà, yóò yí nǹkan kan, yóò jáde, wọn yóò sì máa kí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní hunjọ. Kò kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Méje wà nínú wọn tí kò mọ ìdí tó fi ṣe wọ́n mọ́. Ó yọ ọ̀kan nínú méje yìí lórí ẹ̀rọ òfìfo, ó ń wò ó bóyá yóò ní ìtumọ̀, ojú-òpó náà sì ṣókùnkùn. Odindi wákàtí mẹ́ta ló fi wá a kó tó tún tàn. Bó bá ṣe pé òun ni Ẹ̀gbọ́n ní kó ṣe ìdánwò náà, kì bá tí yege.

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi kọ ọ́. Ìgbésẹ̀ kan, ìlà kan: ohun tí èèyàn yóò tẹ̀, ohun tí ojú kọ̀ǹpútà yóò fi dáhùn, ohun tí wọn yóò ṣe bí èsì bá yàtọ̀. Ó kọ ìdí tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi wà sí abẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá mọ ìdí rẹ̀, ó wádìí rẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n, tàbí kó yọ ọ́ dànù.

Ìwé kíkọ náà ló bá a yan ètò ìpìlẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló rí i pé bó bá jẹ́ orí Línúsì tó ń yára ni wọ́n wà, kí oṣù mẹ́fà tó pé, ìdá mẹ́ta ìlà tó ń kọ lè ti di irọ́. Ẹnì kan yóò máa tún un kọ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹni náà ni òun, láti ìlú kejì, lórí fóònù, nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ń pè é kó wá jẹun. Ó fa igi lé Línúsì tó ń yára. Ìka tó tọ́ símú la fi ń romú.

Ewé ìwé kan ló gbé síwájú Ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: Línúsì tó ń lọ́ra.

"Kí ló dé tó o fi yí ọkàn pa dà?"

"Ìwé tí mo kọ lónìí, bó bá di ọdún mẹ́ta, òótọ́ náà ni yóò ṣì jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i, ó dá a pa dà fún un.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe ìdánwò kẹta. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà sáfà àtijọ́. Ó ti fi tó àwọn ilé ìtọ́jú létí pé nọ́ńbà ò ní wọlé lọ́jọ́ náà àfi bí ẹ̀rọ tuntun bá jí. Màmá Máfojúfò gba ìwé: ojú ìwé mẹ́tàdínlógún, ìgbésẹ̀ méjìlélọ́gọ́ta. Ó fi rúlà sábẹ́ èkíní. Ìka méjì ló fi ń tẹ̀ ẹ́, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo.

Àwọn alọlẹ́ńsì parí èyí tó wà nílẹ̀ láti àná, wọ́n pa ẹ̀rọ wọn, wọ́n jókòó. Ẹnjiníà kò lè jókòó.

"Ẹnjiníà, farabalẹ̀," ọ̀kan nínú wọn wí. "Ṣé ìyàwó rẹ ló ń rọbí nínú yàrá yẹn ni?"

"Fi í sílẹ̀," èkejì wí. "Bí wọn ò bá rọbí níbẹ̀, ìyàwó tó wà lọ́hùn-ún ló máa kọ́ ọ lọ́gbọ́n."

Nígbà tí aago kan lù, Màmá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. Ẹnjiníà gbàgbé òfin.

"Màmá, ṣé ẹ ti parí ẹ ni?"

"Ìgbésẹ̀ kẹrìnlélógójì ni mo wà. Mò ń lọ jẹun."

"Màmá, ẹ ò lè parí ẹ ná?"

"Ìwé rẹ ò sọ pé kí n má jẹun."

Ó pa dà nígbà tí aago méjì lù. Ó fọwọ́, ó nu ún, ó ka ìgbésẹ̀ kẹrìnlélógójì lẹ́ẹ̀kan sí i láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló ti ṣe é, ó wá sún rúlà sísàlẹ̀.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà tó wà lára ògiri yàrá ìlọlẹ́ńsì. Alọlẹ́ńsì tó fi ọ̀rọ̀ ìrọbí ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló sún mọ́ ọn. Ó kà á jẹ́jẹ́, ó mú lẹ́ńsì kan lórí àtẹ, ó tan ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ló ti kóra jọ dè wọ́n.

Ẹnjiníà lọ sí yàrá sáfà kó lè wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí, kó sì fọwọ́ kan ibi kan tàbí méjì. Ẹ̀gbọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò yà fún un. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi bírò pupa kọ ìgbésẹ̀ kẹtàlélọ́gọ́ta sísàlẹ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn: "Màmá, ẹ yí páswọ́ọ̀dù pa dà. Ẹni tó kọ ìwé yìí kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

"A ó ka ìwé."

"Bí kò bá sí nínú ìwé?"

"A ó pè ọ́. A ó kí ọ, a ó béèrè ìyàwó, a ó béèrè ọmọ, ká tó bi ọ́ ní ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ní ilé tirẹ̀ nìyẹn."

Lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n, nínú yàrá náà, Màmá fi ẹ̀yìn bo kíbọ́ọ̀dù, ó ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹnjiníà jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó yọ fóònù rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ láti ọdún mẹ́fà, ó gbìyànjú láti wọ inú sáfà. Sáfà kọ̀ fún un. Ó tún páswọ́ọ̀dù rẹ̀ àtijọ́ tẹ̀. Sáfà kọ̀. Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó dáwọ́ dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìgbésẹ̀ kọkàndínlọ́gbọ̀n, pé ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, sáfà yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn fún wákàtí kan, yóò sì fi í sùn lórí kọ̀ǹpútà Màmá.

Ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀."

"Ṣé Ẹ̀gbọ́n ti ní kó o máa lọ?"

"Wọ́n ti lé mi síta."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó béèrè ọjọ́. Ẹnjiníà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ béèrè aago tí ọkọ̀ yóò gbéra. Ó ní òun ò tíì mọ ìyẹn. Ó lọ sídìí tábìlì rẹ̀, ó wá páálí kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù rẹ̀ sínú rẹ̀.