Ẹ̀fọ́ Ṣìkẹ́ Nínú Àwo Àmínát

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá Ṣìkẹ́ wí. Ta ni ọmọ rẹ̀ yóò máa yin ọbẹ̀ aládùúgbò níwájú rẹ̀ tí inú rẹ̀ yóò máa dùn? Moyinolúwa, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kì í jẹ nǹkan kan nílé ju indomí lọ. Bí kò bá jẹ́ indomí, ìrẹsì funfun ni. Bó bá ti fojú kan ewé lórí oúnjẹ, á pa ẹnu dé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní oògùn. Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò tó, kí Ṣìkẹ́ yáa máa fún un ní ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti èso.

Ṣìkẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ó fi bisikíìtì tàn án. Pàbó.

Àfi lọ́jọ́ tí Àmínát, tí wọ́n jọ ń gbé ọgbà kan náà ní Òkè-Ìlá l'Ádó-Èkìtì, rẹ́rìn-ín sọ fún un pé Moyin mà fẹ́ràn ẹ̀fọ́ o. Ó ní bó bá ti ti ilé ìwé dé báyìí, ó ń bá àwọn ọmọ òun jẹ ẹ́, ẹ̀wà ńkọ́, ilá ńkọ́. Ṣìkẹ́ sì rò pé eré lásán ló ń lọ ṣe níbẹ̀! Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Àmínát tó ti Ìsẹ́yìn wá lẹ́nu àìpẹ́ yìí? Kí ló ń fi sínú ọbẹ̀ tí òun, ọmọ Adó, kò mọ̀?

Owú wá ń jẹ ẹ́ gidi. Bí Àmínát bá kí i láàárọ̀, etí ètè ló fi ń dáhùn. Bí Moyin bá pe "Màmá Àríyọ̀" báyìí, bí gbogbo ọgbà ṣe ń pe Àmínát, ara á máa ta á. Ó lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí Àmínát ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yá ìkòkò Àmínát pàápàá, ó parọ́ pé tòun ti ń jò. Ó da edé sí ọbẹ̀, ó da ẹja sí i, ó gún iyán tì í, ó gbé e síwájú Moyin, ó sì padà sídìí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, torí aṣọ àwọn èèyàn ti pọ̀ jù nílẹ̀. Moyin fi ìka ti ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kò dùn.

Ó dáa. Ṣìkẹ́ gbé ọbẹ̀ náà tòun ti ìkòkò fún Àmínát, ó ní òun ò lè dá ìkòkò olóhun padà lófìfo. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ yàtọ̀. Bí Moyin bá kọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún náà, a jẹ́ pé nǹkan kan wà tí Àmínát ń fi sínú tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn. Àwo ńlá kan ló wà lórí ẹní. Àwọn ọmọ Àmínát yí i ká, Moyin wà láàárín wọn, Àmínát fúnra rẹ̀ jókòó tì wọ́n, ó ń bá wọn jẹ, ó ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe nílé ìwé. Ẹ̀fọ́ Ṣìkẹ́ ni. Moyin ń jẹ ẹ́ tọwọ́tọwọ́, epo ti kan ìgúnpá rẹ̀.

"Màmá Àríyọ̀, ọbẹ̀ yín dùn," ni ọmọ náà wí.

Àmínát ní ìyá rẹ̀ ló sè é. Moyin rẹ́rìn-ín, ó ní irọ́ ni, màmá òun kò lè sè é kó dùn báyìí.

Ọbẹ̀ òun, ọmọ òun, ẹlòmíràn ló wá gba ìyìn! Inú bí Ṣìkẹ́ débi pé Èkìtì ló bọ́ sí i lẹ́nu, ó ní kí Moyin dìde, ulé yá. Ó fà á lọ́wọ́ wọlé.

"Ọbẹ̀ kan náà ni, Moyin. Kí ló dé tó o jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún, tó ò jẹ ẹ́ níbí?"

Ọmọ náà wo maṣíìnì, ó wo ìyá rẹ̀. "Màmá Àríyọ̀ ń bá wa jẹ ẹ́. Ẹ̀yin, ẹ kì í bá mi jẹun."

Ṣìkẹ́ náà yíjú wo maṣíìnì. Láti ìgbà tí bàbá Moyin ti ń wakọ̀ lọ Àbújá, búrẹ́dì ni Ṣìkẹ́ ń jẹ lórí ìjókòó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wa maṣíìnì lọ.

Nírọ̀lẹ́, ó da aṣọ bo maṣíìnì. Ó bu iyán àti ẹ̀fọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sè sínú àwo kan ṣoṣo, ó jókòó sílẹ̀. Moyin kọ́kọ́ bojú wo maṣíìnì ná, bóyá ó máa pe ìyá rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ó fi iyán kó ẹ̀fọ́, ó nà án sẹ́nu Ṣìkẹ́.

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ, kí n rí i. Bí Màmá Àríyọ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ó dun Ṣìkẹ́ wọra. Ó la ẹnu, ó jẹ ẹ́.