Aago Wúrà Tíṣà Adolphus

Ní gbogbo Ìta Fàájì, kò sí ẹni tó ń wo aago bíi Tíṣà Adolphus. Á fa ṣéènì, aago wúrà tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ á yọ jáde lápò kóòtù, á nà án jìnnà sójú, á mi orí, á dá a padà. Ẹni tó bá wò ó á rò pé gómìnà ló ń retí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, láti kékeré ni ọwọ́ aago ti ń dàrú mọ́ ọn lójú. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ṣùgbọ́n ládàánì mọ́sálásí ẹ̀yìn ilé-ìwé ló ń bá a mọ àkókò. Bí wọ́n bá ti pe ìrun Àìlà báyìí, á fa ṣéènì: "Aago kan ti lù! Ẹ máa lọ jẹun."

Lọ́jọ́rú kan, Tíṣà Nusrat, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ni ní ìṣirò, fa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Khairiyyah, wọ kíláàsì Adolphus.

"Ẹ gbà mí, sà! Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kò lè ka aago. Ọ̀gá ní bó bá tún kùnà lónìí, kó padà sí pámárì. Ẹ̀yin baba aago, ẹ dán an wò."

Adolphus fa ṣéènì. Khairiyyah tẹjú mọ́ aago títí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Olódo!" ni ẹnì kan pariwo lẹ́yìn.

"Ó dáa, sà, ẹ sọ ọ́ fún un, kó gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà," ni Nusrat wí.

Ọkùnrin náà fi áńkáṣíìfù nu gíláàsì aago. Ó wúkọ́. Ó tún nu ún. Ó dẹ etí sí mọ́sálásí, ṣùgbọ́n iná ti lọ láti àárọ̀, gbohùngbohùn dákẹ́ rọ́rọ́. Kó ṣáà dá nọ́ńbà kan sọ láti bo ara rẹ̀, kí ọmọ ọlọ́mọ lọ bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ jókòó! Ó la ẹnu, ó wo ojú ọmọ náà.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò mọ kí ni?"

"Aago. Dókítà kan l'Ónìkàn ní kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe òmùgọ̀. Bí ọpọlọ mi ṣe ń gba nọ́ńbà nìyẹn. Mo gbọ́, mo sì ń bò ó."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Háà, sà! Gbogbo ṣéènì tẹ́ ẹ̀ ń fà yẹn ńkọ́?"

"Fáàrí ni."

Khairiyyah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Sà, báwo lẹ ṣe wá ń mọ aago kan?"

"Ládàánì ni."

"Èmi náà! Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, Alhaji Mọ̀núrù ni mo máa ń wò." Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé. Ní òdìkejì títì, bàbá arúgbó kan ń gbé bútà àlùwàlá jáde. "Bó bá ti gbé e jáde báyìí, ó ku iṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago kan lù."

Nusrat yọ fóònù wò. Ó wo ọmọ náà. Ó tún wo fóònù.

"Màá bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń lọ sí pámárì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì, lọ́la lẹ́yìn ìwé, ẹ ó wá kọ́ aago lọ́dọ̀ mi."

Adolphus fa ṣéènì, ó wo aago dáadáa, ó mi orí.

"Ó dáa," ló wí, "màá ráyè."