Ta Ló Hun Èyí?

Bí wọ́n bá kírun tán ńkọ́? Wọ́n á kírun tán, wọ́n á wọ bàtà, Alága á wọlé síbí, á gbé aṣọ tí òwú pọ̀ lára rẹ̀ jù sókè, á sì bèèrè ẹni tó hun ún... rárá, mi ò fẹ́ rò ó. Kí Lèmọ́mù fa ìrun yìí gùn díẹ̀ sí i. Kó fà á títí di ọ̀la.

Èmi nìkan ló kù lábẹ́ àtíbàbà. Mo ní inú ń run mí. Irọ́ ni, kí n má bàa bá wọn lọ sí mọ́sálásí ni.

Okùn rèé, aṣọ méjì rèé lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dìbò nínú ẹgbẹ́ ahunṣọ tiwa ní Ìṣẹ́yìn: kò sí ìwé, kò sí àpótí. Ẹni tó ń du ipò á fi aṣọ tó hun kọ́ sórí okùn. Èyí tó bá wu oníkálukú ni yóò so fọ́nrán òwú kan mọ́. Ti Bàbá Rùkáyàt, tó ti ń ṣe alukoro wa látìgbà tí mo ti ń tọ̀ sílé, fọ́nrán díẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Aṣọ tèmi... tèmi! Ẹ gbọ́ ẹnu mi. Ó ti hu irùngbọ̀n.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́, irùngbọ̀n náà ń mì. Pupa, funfun, àwọ̀ sánmà. Òwú tí a ta síwájú òfì gùn lọ dé ìdí igi igbá, ó ń dán bí odò tí kò lómi, àwọn òkúta tó dì í mú jókòó bí àgbà tó ń tòògbé. Bí mo bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́, á dà bíi pé òfì ló ń wọ́ lọ, tí ilẹ̀ dúró... àbí ilẹ̀ ló ń lọ... Kí ni mò ń rò ná?

Màríámù.

Òun ló hun aṣọ tí mo pè ní tèmi yìí. Abẹ́ òfì rẹ̀ ni mo ti rí i, ó ká a pamọ́ sínú ọ̀rá látọjọ́ tí Bàbá Rùkáyàt ti sọ fún un pé, "Obìnrin kì í du ipò níbí, Màríámù. Hun aṣọ ẹ, kó o jẹun ẹ." Tèmi ò tíì dé ìdajì. Ìgbà wo ni mo fẹ́ hun ún? Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí n hun ún ni mo so òkúta òwú Samsudeen pọ̀ mọ́ ti Tàjúdéènì: bí ọ̀kan bá fa òwú, ti èkejì á sá tẹ̀ lé e! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Eré ni mo pè é. Mo ní kí n kàn gbé aṣọ Màríámù kọ́, kí n wo ojú Bàbá Rùkáyàt fún ìṣẹ́jú kan, kí n sì já a. Mi ò já a. Torí ìyá mi ti gbọ́. Ìyá mi tó ń sọ káàkiri pé, "Ẹ̀rín ló lé Mùstàfá kúrò nílé ìwé," ti pe àbúrò rẹ̀ ní Òtù: "Ọmọ mi fẹ́ di alukoro!" Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ohùn yẹn... mi ò gbọ́ ọ rí nítorí mi.

Bí mo bá sì ní èmi kọ́, òfin ò ní gbójú fò mí: ẹni tó bá gbé aṣọ ẹlòmíràn kọ́, wọ́n á tú òfì rẹ̀, ó di ọdún kan.

Màríámù dúró níwájú aṣọ náà láàárọ̀, ó so òwú tirẹ̀ mọ́ ọn. "Mùstàfá, aṣọ ẹ mà dán o." Ìyẹn nìkan. Ṣé kò dá a mọ̀ ni? Báwo ni kò ṣe ní dá a mọ̀? Kí ló dé tí kò pariwo?

Ó dán lóòótọ́. Etí kan le dan-in, èkejì rọ̀ díẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá, ìdí nìyẹn. Ta ni ò tíì fi í ṣẹ̀fẹ̀ rí níbí? "Màríámù, má fọwọ́ yẹn gbé omi fún mi o!" Gbogbo wọn ni...

Dúró ná.

Gbogbo wọn.

Tàjúdéènì fún etí aṣọ yẹn láàárín ìka méjì kó tó so òwú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Alága wò mí: "O mọ ohun tí màá bi ẹ́ lẹ́yìn ìrun, àbí?" Bàbá Rùkáyàt fúnra rẹ̀... ó fi ìka tọ etí aṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó húkọ́, ó sì so òwú tirẹ̀ síbẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń dùn ún, pé ó ṣi aṣọ so ni!

Wọ́n mọ̀. Látàárọ̀ ni wọ́n ti mọ̀. Ta ló ń kọ orúkọ sára aṣọ nígbà tí ọwọ́ ti kọ ọ́? Èmi tí mò ń dẹ pańpẹ́ fún gbogbo àgbà, gbogbo àgbà ló jókòó ti pańpẹ́, tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀rín ń pa mí. Ó dára, ó dára gan-an ni! Wọn ò wá gbọ́ ẹni tó hun ún. Ohun tó máa jáde lẹ́nu mi ni wọ́n ń dúró dè.

Wọ́n ti sálámà, ìrun ti parí. Bàtà ń wọ́ nílẹ̀ bọ̀. Ìyá mi... á tún pe Òtù.

Fọ́nrán òwú tèmi ṣì wà lápò mi. Látàárọ̀ ni mi ò ti mọ ibi tí màá so ó mọ́. Mo fà á yọ. Mo nawọ́ sí aṣọ Màríámù. Rárá, ti òsì, bíi tirẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó di kókó.