Iná Tí Ará Fagge Ń Rí

Oríṣi mẹ́ta ni iná òpópónà tí wọ́n kó dé Sabon Gari lọ́dún 1978, Adétúnbọ̀ oníná mànàmáná sì mọ ìyàtọ̀ wọn dáadáa. Èkíní bo gílóòbù mọ́lẹ̀ pátá, ilẹ̀ nìkan ló ń tàn sí. Èkejì ń jẹ́ kí díẹ̀ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta kò bo nǹkan kan, ojú awakọ̀ ló ń tàn sí gbòò. Ìwé tí ẹnjiníà kọ fún un sì là kedere: èkíní ni kó gbé sí kọ́nà tí lọ́rì ń gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n Alàgbà Ọláyọdé, alága àdúgbò, fárígá.

"Èyí tó ń fara pamọ́ yìí? Haba, Adétúnbọ̀! Iná tí ará Fagge tó múlé tì wá ò lè rí lọ́ọ̀ọ́kán, ṣé iná nìyẹn? Gbé èyí tó mọ́ síbẹ̀, jàre!"

Ojú ti Adétúnbọ̀ láti bá àgbà jiyàn. Irú ìtìjú rádaràda wo nìyẹn! Ó gbé ẹ̀kẹta kọ́, àdúgbò sì pàtẹ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó dúró lábẹ́ òpó náà, ó ń retí Matilda ìyàwó rẹ̀, tó máa ń ru aṣọ bọ̀ láti ọjà Kantin Kwari. Ó wò títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn iná yẹn, gbogbo ọ̀nà dúdú bí ìdí ìkòkò. Àfìgbà tí ọwọ́ Matilda bà á léjìká.

"Bàbá Fúnlọ́lá, sannu o! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń juwọ́ sí yín, ẹ ò rí mi?"

Ẹ̀rù bà á gidigidi. Bí òun tó dúró sójú kan kò bá rí i, ẹni tó ń wa lọ́rì ńkọ́?

Ilẹ̀ mọ́, ó lọ sọ fún Ọláyọdé pé òun máa tú iná náà.

"Ní sùúrù di Sátidé. Àlejò ń bọ̀ wá wò ó."

Adétúnbọ̀ tún ní, "Ó dáa, sà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gbé àkàbà ti òpó náà. Ó ti gun ún dé òkè nígbà tí lọ́rì kan yọ ní kọ́nà. Ó rí awakọ̀ tó fi ọwọ́ bo ojú.

"Bàbá Fúnlọ́lá!" Inú òkùnkùn ni ohùn náà ti wá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ ń ṣe lókè yẹn? Mò ń rí yín o!"

"Matilda, dúró níbẹ̀!"

Bíréèkì han gooro. Aṣọ tú ká ojú títì.

Àwọn èèyàn sáré jáde, wọ́n ń pè é kó sọ̀kalẹ̀. Orí àkàbà ló ti ń wo ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀, iná náà sì mọ́ débi pé kò sí ibì kan lára rẹ̀ tí kò rí.