Ọwọ́ Tí Ẹ̀rọ Kò Mọ̀

Ẹ̀rọ náà tún kọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba fíísà Ṣáínà fi aṣọ nu ojú ẹ̀rọ tó ń ya ìlà ìka, ó ní kí Múyìwá tún gbé ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé e, kó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Múyìwá tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ti tábìlì náà wọlẹ̀. Iná pupa ló tún tàn.

"Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Fọkanáísà ni mí. Táyà tírélà ni mò ń lẹ̀, ní Coconut, ní Àpápá."

Ọmọbìnrin náà ní kó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí òun wò ó. Orí ìka ń dán, kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Láti ìgbà tí Múyìwá ti wà lọ́dọ̀ọ́ ló ti ń fi sáńpépà ha tíúbù, tó sì ń fi pẹtiróòlù fọ gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́, ìlà ìka náà sì ti bá wọn lọ. Ọmọbìnrin náà ní kò lè ṣeé ṣe lónìí. Kí bàbá lọ sinmi, kí wọ́n máa fi ìpara pa ọwọ́, kí wọ́n padà wá nígbà tí ìlà bá ti hù.

Múyìwá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú kò bí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè é láti Ṣáínà, inú kì í bí i mọ́, nǹkan kan kì í sì í dùn ún. Ó ń jẹun nígbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá kí i.

Onome ń dúró dè é níta. Onome ló ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Malu Road, níbi tó ti ń bá àwọn ènìyàn tó fẹ́ rìnrìn àjò gba fíísà. Òun ló gba ti Tiwalọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Múyìwá bí, nígbà tí ọmọ náà ń lọ kàwé ní Guangzhou, ní Ṣáínà. Nígbà tí ọkọ̀ gbá Tiwalọlá pa níbẹ̀, Onome wá sílé wọn ní Boundary, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó wá ní òun á bá bàbá gba fíísà tí bàbá bá fẹ́ lọ.

Fíísà ìgbafẹ́ ni wọ́n ń wá. Onome ní irú èyí ló yá jù, nítorí pé Uchenna, ọ̀rẹ́ Tiwalọlá tó wà níbẹ̀, kò ní ìwé tó lè fi pe àlejò. Nínú ètò tí wọ́n fi sílẹ̀, Múyìwá ń lọ jayé ni. Onome bi í pé ibo ni yóò fẹ́ lọ wò, Múyìwá ní kí Onome bá òun mú èyí tó bá wù ú. Onome mú odò kan tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi kiri nírọ̀lẹ́, ó tún mú ọgbà ẹranko kan. Ó kà á sí i létí. Múyìwá ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń lọ ṣe gan-an, Uchenna ti sọ fún un lórí fóònù. Wọn ò sin Tiwalọlá. Wọ́n sun ún ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀, wọ́n sì kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò kékeré kan tó ní ọmọrí. Ìkòkò náà wà ní yàrá Uchenna, ó ń dúró de bàbá tí yóò wá gbé e. Onome mọ̀. Hàbíbàt, ìyàwó Múyìwá, kò mọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Hàbíbàt bi í lọ́jọ́ tí ìròyìn dé: ṣé wọ́n wẹ ọmọ òun, ṣé wọ́n fi aṣọ funfun dì í, ṣé wọ́n kírun sí i lára kí wọ́n tó gbé e sínú ilẹ̀? Múyìwá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ń lọ wo sàréè.

"Daddy, ẹ má fọwọ́ kan táyà mọ́ o," Onome sọ fún un bí wọ́n ṣe ń padà sí Àpápá. "Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láàárọ̀, òrí nírọ̀lẹ́. Petrol sef, abeg, make e no touch that hand."

Múyìwá ní òun ti gbọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gba Coconut lọ, ó ní òun kàn fẹ́ wo bí Linus, tí wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù, ṣe ń ṣe sí. Ní Coconut, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Bàbá Tiwa mọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé kí wọ́n má pè é bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn kàn padà sí Bọ̀dá Múyìwá, orúkọ tó ń jẹ́ kó tó bímọ. Hàbíbàt pàápàá kì í pe orúkọ kankan mọ́ tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Tírélà kan tó ru àpò sìmẹ́ńtì wọlé, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti jò pẹlẹbẹ. Nígbà tí Múyìwá yóò fi mọ̀, irin ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Linus wò ó, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Múyìwá ká táyà náà, ó ha tíúbù rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì fún un ní afẹ́fẹ́. Nígbà tó ń ṣe é, kò ronú ohunkóhun. Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ó tún lọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Onome ránṣẹ́ pè é sí Malu Road láti wo bí ọwọ́ ṣe ń ṣe sí, Onome ti àtàǹpàkò Múyìwá bọ páàdì tàdáwà tí wọ́n fi ń tẹ òǹtẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Àmì náà dúdú kirimú, kò sí ìlà kan níbẹ̀. Onome wò ó pẹ́.

"Daddy, ẹ ti ń ṣiṣẹ́."

"Díẹ̀ ni."

"Tí ìka yìí ò bá jáde, wọn ò ní fún yín. Uchenna sì ní òun ò lè fi ìkòkò náà ránṣẹ́ bí ẹrù. Ṣé ẹ ò fẹ́ lọ gbé Tiwa mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ gbé e." Múyìwá ń wo àmì dúdú orí bébà náà. "Jíjókòó ni mi ò lè ṣe, Onome. Tí mo bá jókòó, màá máa rí i."

Onome fi aṣọ nu tàdáwà kúrò lára ìka rẹ̀. Ó ní kó lọ jókòó ti Mummy, kó má dá nìkan jókòó.

Hàbíbàt wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, níbi tó máa ń wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ tó dà bò ó láti ọjọ́ tí ìròyìn ikú ọmọ dé. Múyìwá jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ ohun tí ẹ̀rọ sọ àti ohun tí Onome sọ nípa iṣẹ́. Hàbíbàt kò bá a wí. Ó dìde, ó gbé omi kaná, ó yọ́ òrí sínú abọ́, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ lé itan ara rẹ̀.

Ó ń fi òrí ra á ní ìka kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń ra àyà Tiwalọlá nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ tí òtútù bá mú un. Ó pẹ́ tí wọ́n ti jókòó tira wọn báyìí. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí móoru. Ó bẹ̀rẹ̀ sí dun Múyìwá, kì í ṣe ọwọ́ nìkan, àyà rẹ̀ náà, ẹ̀rù sì bà á.

"Tẹ́ ẹ bá débẹ̀," Hàbíbàt ní, "ẹ bá mi fi ọwọ́ yìí kan ilẹ̀ sàréè rẹ̀."

Múyìwá la ẹnu. Ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe sọ ọ́ níjọ́sí.

"Kò sí sàréè, Hàbíbàt. Wọn ò sin ín. Wọ́n sun ún. Eérú rẹ̀ ni mò ń lọ gbé."

Ọwọ́ Hàbíbàt dúró.

"Ẹ ní wọ́n wẹ̀ ẹ́."

"Irọ́ ni mo pa."

Omijé ti ń bọ́ lójú Múyìwá, kò sì nù ún. Hàbíbàt ṣì di ọwọ́ tí òrí wà lára rẹ̀ mú gírígírí. Ó ń dúró kó jù ú sílẹ̀. Ó ń dúró kó figbe ta, kí àwọn ará ilé sáré jáde. Hàbíbàt ń wo ọwọ́ tó wà lórí itan rẹ̀, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ti ìka ara rẹ̀ bọ inú òrí.

"Bàbá Tiwa," ó ní, "ẹ gbé ọwọ́ kejì wá."