Bọ́tà Ìdí Ife

Bí bíà náà ṣe kan Ahọ́nòpurọ́ lẹ́nu, ó mọ ilé tó ti wá.

Ó gbé ife sílẹ̀ jẹ́jẹ́ lójú àwọn adájọ́ méjì yòókù nínú ìdíje bíà náà. Àwọn ló fún obìnrin náà ní orúkọ ìnagijẹ yẹn, wọ́n ní ahọ́n rẹ̀ kì í tàsé. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ife, torí adájọ́ ò gbọdọ̀ mọ ẹni tó pọn ohun tó ń tọ́ wò. Bíà búráùn ni, ó mọ́ gaara, ìhó orí rẹ̀ dúró dáadáa. Adùn ọkà bálì tí wọ́n yan ló kọ́kọ́ dé, ìkorò díẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán lọ́nà ọ̀fun, bọ́tà dé. Bọ́tà yẹn gan-an. Ta ló tún ń pọn bíà tó ń fi bọ́tà parí, bí kì í bá ṣe bàbá rẹ̀?

Bàbá tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ òun ti di adájọ́ níbẹ̀, òun ò ní gbé tòun lọ. Àgbà kan kì í ṣe báyìí. Inú bí i débi pé etí rẹ̀ gbóná. Òfin ò fi igbá kan bọ̀kan nínú: adájọ́ tí bíà ẹbí rẹ̀ bá wà lórí tábìlì gbọ́dọ̀ dìde, wọn á sì yọ bíà náà kúrò. Bẹ́ẹ̀ bàbá ti sọ fún gbogbo ilé pé ọdún yìí nìkan lòun ṣì máa díje níbikíbi. Bí òun ò bá tún gba ẹ̀bùn kankan, òun á ti yàrá ìpọntí pa, òun á kó àwọn ìkòkò fún aládùúgbò. Ìyá sì ti kú. Kí ni ọkùnrin yẹn fẹ́ máa fọwọ́ ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀?

Nítorí náà, kò dìde. Yàrá náà ò ní fèrèsé, wọ́n ti ilẹ̀kùn kí òórùn ìta má baà wọlé, kò sì sẹ́ni tó ń jáde títí àwọn mẹ́ta yóò fi fẹnu kò.

"Èyí dáa o," ló sọ, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. "Ṣé ẹ rí bọ́tà ìdí rẹ̀ yẹn? Iṣẹ́ àgbà ni."

Adájọ́ kejì, alásè kan tó jókòó lápá òsì rẹ̀, fajú ro. "Bọ́tà ọ̀hún ni mò ń bá jà látìgbà tí mo ti mu ún. Mo rò pé wọn ò fọ ife mi ni."

Alága, ìyá àgbà tó ti ń pọn bíà kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì, tún tọ́ ọ wò.

"Ọmọ mi, àbùkù ni," ló wí. "Bíà tí ò sinmi tó ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fọ́jọ́ díẹ̀ sí i, bọ́tà yẹn á lọ fúnra ẹ̀. Ẹni tó ni ín ò lè dúró ni."

Ẹni tó ni ín ò lè dúró. Bàbá rẹ̀ rèé, tó ń wọ bàtà lórí àtẹ̀gùn, tó ń jẹun nínú ìkòkò kí ìyá tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tó dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bí Ahọ́nòpurọ́, tó sì ti padà sílé kí ọmọ tó ké.

Ahọ́nòpurọ́ fẹ́ jiyàn. Ó tún mu díẹ̀, àbùkù tí Alága wí sì ti wà nínú bíà náà. Láti kékeré tí bàbá ti ń tìka bọ ìhó tó sì ń fi kàn án láhọ́n, ó ti gbà pé bí bíà ṣe ń rí nìyẹn. Ọmọ tí ò dé oko baba ẹlòmíì rí ni í sọ pé kò sí oko baba ẹni tó tó ti baba òun. Gbogbo bíà tí ò ní bọ́tà, "ó kù díẹ̀" ló ń sọ sí wọn. Ẹni mélòó ló ti fẹnu yìí dá padà sílé?

Ó dìde. "Ẹ forí jì mí. Bàbá mi ló pọn ún. Mo ti mọ̀ látìgbà tó ti kàn mí lẹ́nu."

Alága wò ó títí. "Àwọn tó o ti dájọ́ wọn ṣáájú ńkọ́?"

"Ẹ tún wọn tọ́ wò, mà. Ẹ má gba ẹnu mi gbọ́."

Alága ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá ń rìn síwá sẹ́yìn. Ó ti ṣí ìgò kan nínú bíà rẹ̀, ó ti bu ú sínú ife, kí wọ́n fi yọ ayọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì kéde.

"Bàbá, ẹ ti lé mi kúrò lórí àga mi."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí. Kò lè wò ó lójú. "Gbogbo ìgbà lo máa ń ní ó dáa. Mo fẹ́ kó o tọ́ ọ wò láìmọ̀ pé tèmi ni."

Ó na ife sí i, ó wá ń wo ẹnu rẹ̀, bó ṣe máa ń wò ó láti kékeré. Ahọ́nòpurọ́ mu ún. Ó wá adùn ilé nínú rẹ̀, kò rí i mọ́. Bọ́tà nìkan ló kù. Ó dùn ún bí ẹni tó dé ilé tí wọ́n ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ ò jẹ́ kó sinmi tó, Bàbá."

Bàbá gba ife padà. "Ohun tí ìyá rẹ wí títí tó fi kú nìyẹn," ló wá sọ. "Á tó ìgbà wo?"

"Ọjọ́ díẹ̀ sí i ni."

"Ọjọ́ díẹ̀ péré?"

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ara ògiri, ó gbé ife lé orúnkún, kò mu ún. Ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Wọ́n ń gbọ́ bí àwọn ife ṣe ń kan ara wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Látìgbà tó ti mọ bàbá rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí bàbá ò ṣe bí ẹni tó fẹ́ dìde.