Ọrùn-Ọwọ́ Onígbàjámọ̀

Bí ohun kan bá wà tó máa ń bí mi nínú lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó ń mira nínú ẹ̀rọ ni. Èmi ni mo ń fi ẹ̀rọ òòfà ya àwòrán inú ara ní ilé ìwòsàn wa. Èyí tuntun tí wọ́n gbé wá, òòfà rẹ̀ lágbára ní ìlọ́po méjì ti àtijọ́. Iṣan tó tín-ín-rín bí òwú, kedere ló ń hàn. Ṣùgbọ́n kí ara ṣáà ti yẹ̀ díẹ̀, gbogbo àwòrán á di rúdurùdu. Ìdí nìyẹn tí mo fi jágbe mọ́ àbúrò ìyá mi lọ́jọ́ náà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má mira! Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o!"

"Mi ò mira," wọ́n dáhùn látinú ẹ̀rọ.

"Ta ló wá ń mira, èmi?"

Onígbàjámọ̀ ni Bọ̀ọ̀dá. Ọwọ́-Fúyẹ́ ni àwọn oníbàárà ń pè wọ́n, torí èèyàn lè sùn lọ fọnfọn lábẹ́ abẹ wọn. Orí mi ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún; àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn etí mi ọ̀tún. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún gúnlẹ̀. Wọ́n ní àtìgbà náà ni ọwọ́ ti ń gbọ̀n. Dókítà ní ká wo ọrùn-ọwọ́, bóyá nǹkan ti ya níbẹ̀. Àdúrà Bọ̀ọ̀dá ni pé kó ya. Ohun tó bá ya ṣeé rán, àbí? Bàbá tó bí wọn, ìyẹn bàbá ìyá mi, ọwọ́ tiwọn gbọ̀n títí wọn ò fi lè gbé ṣíbí dé ẹnu mọ́, kò sì sẹ́ni tó rí nǹkan ṣe sí i.

"Èyí kọ́ ló ṣe bàbá wa," ni Bọ̀ọ̀dá ń tẹnu mọ́ kí wọ́n tó wọlé. Mi ò tíì bi wọ́n léèrè o.

Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún kọjá orí sínú ike tó dì í mú, mo sì ti fi fóòmù há a lọ́tùn-ún lósì. Síbẹ̀, àtàǹpàkò wọn ń lọ, ó ń bọ̀ lára ìka tó tẹ̀ lé e, bí ẹni ń yí òwú. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Ojú tì mí fún gbogbo igbe tí mo ti ń pa.

"Fún mi ní nǹkan dì mú," wọ́n ní. "Tí ọwọ́ yìí bá ń ṣiṣẹ́, kì í yọ mí lẹ́nu. Ìgbà tó bá ń sinmi ló ń ya wèrè."

Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn dókítà. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n nígbà ìsinmi, tó ń rọlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àìsàn rẹ̀ kì í sábà gbé inú ọwọ́; inú ọpọlọ ló máa ń wà. Irin ò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn, nítorí náà mo lọ mú òòyà oníke mi wá, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n dì í mú bí ẹni tó fẹ́ gẹrun. Ọwọ́ dákẹ́. Mo sáré padà sídìí iṣẹ́ kí ọwọ́ náà tó yí ọkàn padà.

Àwòrán jáde. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rí ọrùn-ọwọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Eegun wẹ́wẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fẹ̀gbẹ́ ti ara wọn, ohun tó so wọ́n pọ̀ pé pérépéré, iṣan kọ̀ọ̀kan ń dán. Mo wò ó títí, mò ń fẹ́ kí nǹkan kan ṣáà ti bàjẹ́ níbẹ̀. Kò sí.

Dókítà ló yẹ kó sọ fún wọn. Òfin wa nìyẹn. Mo ní kí wọ́n padà wá gbọ́ èsì lọ́la. Wọ́n wò mí lójú.

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí," wọ́n ní. "Ọwọ́ ta ni? Fi hàn mí."

Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n súnmọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ń fi ìka tọ eegun lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Níbo ló ti ya?"

"Kò ya, Bọ̀ọ̀dá."

"Tún un wò."

"Mo ti tún un wò."

Ìyàwó wọn, tó ti ń dúró dè wọ́n níta, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n rí nǹkan kan níbẹ̀?"

"Rárá," Bọ̀ọ̀dá dáhùn. "Ọrùn-ọwọ́ náà pé."

Inú ìyàwó wọn dùn kọjá sísọ. Ọpẹ́ lọ́tùn-ún, ọpẹ́ lósì, ló bá jáde lọ pe àwọn ọmọ lórí fóònù.

"Jẹ́ kó yọ̀ lónìí," Bọ̀ọ̀dá ní.

Òòyà mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń fi òòyà la irun mi díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ kan àpá ẹ̀yìn etí mi.

"Wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la kí n gẹ̀ ẹ́ fún ẹ. Lẹ́yìn náà, n ó ti ilẹ̀kùn pa. Mi ò ní dúró dọjọ́ tí mo máa fi abẹ gé ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Orí rẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu dókítà ná. Oògùn tó ń dẹ̀ ẹ́ lára wà."

"Mo ti gbọ́. Ṣáà wá lọ́la."

Mo bú sẹ́kún, mi ò tijú. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n rárá lórí mi. Aláìsàn tó kàn láti wọlé ń kan ilẹ̀kùn, ó ń kàn án ṣáá, mi ò dìde, torí mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti gbé òòyà yẹn sílẹ̀, ọwọ́ náà á tún bẹ̀rẹ̀.